Láti Orí Owó Ẹyọ dé Orí Káàdì Cowry: Ìtàn Owó Ọkọ̀ àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Àfisúnmọ́ ní Agbègbè Àgbówà, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe yìí bá ìtàn owó mu, ó sì bá ìtàn ọ̀nà tí à ń gbà san án mu pẹ̀lú. Ní Àgbówà, ìlú etí ọ̀sà tí ó wà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, arìnrìn-àjò tí ó bá ń lọ sí àárín gbùngbùn Èkó lè san owó ọkọ̀ ní ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Láti Àgbówà dé Ìkòròdú, yóò ka náírà lé kọ̀ndọ́ lọ́wọ́, yóò sì gba ṣéńjì. Bí ó bá wọ ọkọ̀ BRT ní Ìkòròdú, káàdì pẹlẹbẹ kan ni yóò mú súnmọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yóò dún, owó yóò sì ti kúrò lórí káàdì náà kí èrò tó jókòó. Cowry ni orúkọ káàdì yìí, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń pe owó ẹyọ nìyẹn.

Orúkọ náà mú ìbéèrè wá. Kí ni ó so owó ẹyọ ayé àtijọ́ pọ̀ mọ́ káàdì òde òní? Báwo ni káàdì tí kò ní bátìrì, tí kò sì fara kan wáyà kankan, ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀? Ta ni àyípadà owó máa ń gbè, ta ni ó sì máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn? Àpilẹ̀kọ yìí gbìyànjú láti dáhùn àwọn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípa títọ pinpin ìtàn owó ní etí ọ̀sà, àti nípa ṣíṣe àlàyé ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí near field communication, tí a gé kúrú sí NFC. Nínú iṣẹ́ yìí, ìmọ̀ ẹ̀rọ àfisúnmọ́ ni a ó máa pè é, nítorí pé àìsí ìsúnmọ́, kò lè ṣiṣẹ́.

Owó Ẹyọ, Ọ̀sà àti Ibodè

Kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé, ọ̀sà ni òpópónà agbègbè yìí. Ọjà Ejìnrìn, tí kò jìnnà sí Àgbówà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà tí ó lókìkí jù lọ ní etí ọ̀sà ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ọkọ̀ ojú omi ń kó ọjà òkè òkun láti Èkó wá síbẹ̀, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú sì ń kó epo pupa àti irè oko mìíràn láti òkè wá pàdé wọn. Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń ná ọjà, òun náà ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ àti owó ibodè.

Etíkun erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà ni a ti ń kó owó ẹyọ wá. Kíkà rẹ̀ létò: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni egbàá, egbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù tí alárù kan lè rù. Ẹni tí ó bá fẹ́ san owó ńlá níláti san owó ẹni tí yóò bá a ru owó náà pẹ̀lú.

Ìwé àdéhùn kan tí a kọ ní Ẹ̀pẹ́ fi bí owó ẹyọ ṣe níyì tó hàn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ̀dó sí pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854, òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tọwọ́ bọ Àdéhùn Ẹ̀pẹ́. Lára ohun tí wọ́n ṣèlérí fún Kòsọ́kọ́ ni 2,000 egbàá owó ẹyọ lọ́dọọdún, tàbí 1,000 dọ́là. Bí a bá ṣírò rẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́rin ẹyọ nìyẹn, tàbí igba ọ̀kẹ́, tí igba alárù yóò rù. Ìjọba tí ó ní ọkọ̀ ogun àti wúrà ṣì níláti sọ̀rọ̀ ní èdè owó tí etí ọ̀sà gbọ́.

Ṣùgbọ́n láàárín àkókò náà gan-an ni owó ẹyọ ti ń pàdánù iyì. Àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg, ilé-iṣẹ́ O'Swald lára wọn, ń kó irú owó ẹyọ mìíràn wọlé láti Zanzibar. Ó tóbi ju ti Maldives lọ, ó sì pọ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Bí ó ti ń ya wọ̀lú ni ohun tí ẹyọ kan lè rà ń dínkù. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ pamọ́ sínú ìkòkò jí ní ọjọ́ kan, ó rí i pé iye owó òun kò dín, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dín. Nígbà tí ó di ọdún 1904, ìjọba amúnisìn fòfin de kíkó owó ẹyọ wọlé. Àjọ tí ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1912, pọ́n-ùn Nàìjíríà dé ní ọdún 1959, náírà sì rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973.

Bí owó ṣe ní ìtàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ibodè. Oníbodè ni ó ń pinnu ẹni tí yóò kọjá àti iye tí yóò san. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fipá mú Ìjẹ̀bú láti ṣí ọ̀nà wọn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1892, wọ́n ṣèlérí 500 pọ́n-ùn lọ́dọọdún dípò owó ibodè. Àdéhùn náà kò tọ́jọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì gba ibẹ̀ gòkè lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní ogun Ìmàgbọ̀n. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1901, ọ̀pọ̀ ẹrù òkè gba orí irin lọ, kò gba etí ọ̀sà mọ́. Ìtàn yìí kọ́ni pé ẹni tí ó ni ibodè ni ó ni ọ̀nà, àti pé bí ọ̀nà bá yà, ọjà a máa yà tẹ̀lé e.

Àrokò: Ohun tí Kò Lẹ́nu tí Ó ń Sọ̀rọ̀

Owó ẹyọ kò mọ sí orí ọjà nìkan. Àwọn baba ńlá wa a máa fi pàrokò. Ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹ̀fà àti fà bá ara wọn dọ́gba létí. Bí ẹni náà bá gbà, ó lè dá ẹyọ mẹ́jọ padà, ìyẹn ni pé èrò àwọn méjèèjì jọ. Ní àwọn ọdún 1880, àrokò Ìjẹ̀bú tí J. A. Otunba Payne ti Èkó kó jọ dé iwájú àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu sì yà wọ́n pé okùn àti ẹyọ lè gbé odidi gbólóhùn.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta wà nínú àrokò tí yóò ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti lóye ìmọ̀ ẹ̀rọ àfisúnmọ́. Èkíní, ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ kò ní ẹ̀mí, kò sì lè dá sọ̀rọ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè kà á. Èkejì, ẹni tí kò mọ àṣírí rẹ̀ lè dì í mú kí ó má rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, àdéhùn àtẹ̀yìnwá ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé àrokò ni káàdì, tàbí pé àwọn baba wa ti ṣe NFC ṣáájú àwọn òyìnbó. Ìmọ̀ iná mànàmáná ni ó mú káàdì ṣiṣẹ́, àrokò kò sì nílò rẹ̀. Ohun tí àfiwé yìí ń ṣe ni pé ó fún olùkọ́ ní ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ilé rẹ̀ ti mọ̀.

Bí Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Àfisúnmọ́ Ṣe Dé

Ní ọdún 1831, Michael Faraday ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí agbára òòfà bá ń yí padà nítòsí wáyà tí a ká, iná yóò ṣàn nínú wáyà náà láìjẹ́ pé nǹkan kan fara kàn án. Orí àwárí yìí ni gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e dúró lé.

Ní ọdún 1945, àwọn ọmọ ilé-ìwé Soviet fún aṣojú Amẹ́ríkà ní Moscow ní ère onígi kan lẹ́bùn. Léon Theremin ti fi ohun kan pamọ́ sínú rẹ̀ tí kò ní bátìrì, ṣùgbọ́n tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde nígbà tí a bá ta ìgbì rédíò sí i láti òkèèrè. Ọdún 1952 ni àwọn Amẹ́ríkà tó tú àṣírí rẹ̀. Ní ọdún 1948, Harry Stockman kọ̀wé lórí bí a ṣe lè fi agbára ìgbì tí ó ta padà gbé ọ̀rọ̀. Láti inú irú èrò báyìí ni ìmọ̀ RFID ti jáde, èyí tí à ń lò láti fi ìgbì rédíò dá nǹkan mọ̀.

Ìrìn-àjò ojoojúmọ́ ni ó mú ìmọ̀ yìí dé ọwọ́ àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1997, Hong Kong gbé káàdì Octopus jáde fún owó ọkọ̀, orí ìmọ̀ FeliCa ti Sony ni a sì gbé e kà. Ní ọdún 2003, káàdì Oyster dé Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé. Ní ọdún 2002, Sony àti Philips fìmọ̀ ṣọ̀kan láti ṣe ìlànà kan tí yóò so irú àwọn káàdì wọn pọ̀. Ní ọdún 2004, àwọn méjèèjì àti Nokia dá àjọ NFC Forum sílẹ̀. Nokia 6131, tí ó jáde ní irú èyí tí ó ní NFC, wà lára àwọn fóònù tí ó kọ́kọ́ gbé ìmọ̀ náà. Nígbà tí Apple Pay dé ní ọdún 2014, fífi fóònù sanwó ti di ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mọ̀.

Bí Ó Ṣe ń Ṣiṣẹ́

Nínú ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, wáyà tí a ká wà. Iná ń lọ ó ń bọ̀ nínú rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 13.56 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń dá agbára òòfà sílẹ̀ yí ẹ̀rọ náà ká. Nínú káàdì, wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí ìlà bàbà ni a ká yípo, a sì so ó mọ́ chip kan tí kò ju orí ìṣó lọ. Bí káàdì bá wọ inú agbára òòfà yẹn, iná yóò ṣàn nínú wáyà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Faraday ti wí. Iná kékeré yìí ni ó ń jí chip dìde. Ìdí nìyẹn tí káàdì kò fi nílò bátìrì: ẹ̀rọ tí ó ń bi í léèrè náà ni ó ń fún un lágbára láti dáhùn.

Báwo wá ni káàdì ṣe ń dáhùn nígbà tí kò lágbára láti ta ìgbì tirẹ̀? Àpẹẹrẹ apẹja etí ọ̀sà yóò là á yé wa. Apẹja tí ó di okùn ìwọ̀ mú kò rí ẹja nísàlẹ̀ omi, ṣùgbọ́n bí ẹja bá fà á, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ̀. Chip inú káàdì a máa fa agbára púpọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, a sì máa fa díẹ̀ ní èkejì, ní ọ̀nà tí ó létò. Ẹ̀rọ ń mọ̀ ọ́n lára bí agbára òòfà rẹ̀ ṣe ń wúwo tí ó sì ń fúyẹ́, ó sì ń ka fífà wọ̀nyí bí lẹ́tà. Àwọn ìwọ̀n tí ìlànà fọwọ́ sí fún ìyára ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí 106,000 bit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n sì lè dé 424,000. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fà tún fi jẹyọ: ẹ̀fà nínú àrokò, òòfà nínú ẹ̀rọ.

Ìsúnmọ́ ṣe pàtàkì nítorí pé irú agbára yìí tètè ń rẹ̀. Bí a bá ti kúrò nítòsí wáyà náà, tí a sọ ìjìnnà di ìlọ́po méjì, agbára náà yóò dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí káàdì fi níláti wà láàárín sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí kí ó lé díẹ̀, tí kì í sì í kọjá sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Bí irin bá wà lẹ́yìn káàdì, ó lè dí agbára náà lọ́wọ́. Bí káàdì méjì bá wà pọ̀ nínú àpò kan, àwọn méjèèjì lè fẹ́ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀, àyẹ̀wò ló kàn. Ẹ̀rọ yóò ju ìbéèrè kan sí káàdì, káàdì yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ó wà nínú rẹ̀ ṣírò ìdáhùn. Kọ́kọ́rọ́ náà kì í jáde síta, ìdáhùn nìkan ni ó ń jáde. Ní àwọn ètò kan, iye owó wà lára káàdì fúnra rẹ̀. Ní àwọn mìíràn, nọ́mbà ìdánimọ̀ nìkan ni káàdì gbé, owó sì wà nínú ìwé ìṣirò ní ọ́fíìsì.

Ìlò Rẹ̀ ní Èkó àti ní Nàìjíríà

LAMATA, àjọ tí òfin ọdún 2002 dá sílẹ̀ fún ètò ìrìnnà Èkó, ni ó bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ BRT láti Mile 12 lọ sí CMS ní oṣù Kẹta ọdún 2008. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, Gómìnà Akinwunmi Ambode ṣí ojú ọ̀nà tí ó fà á dé Ìkòròdú. Ní ọdún 2020, káàdì Cowry, tí ilé-iṣẹ́ Touch and Pay ṣètò ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé. Káàdì náà wúlò fún ọkọ̀ ojú omi LAGFERRY. Ó wúlò fún ọkọ̀ ojú irin Blue Line tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àti fún Red Line tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ọ̀kan lára èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí ní Èkó ni Five Cowries ní Falomo. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé owó ẹyọ márùn-ún tí wọ́n ń san láti sọdá odò ibẹ̀ ni ó fún un lórúkọ.

Ìlò mìíràn wà tí kì í ṣe ti owó ọkọ̀. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní ọdún 2007 ní chip tí a ń kà láìfi wáyà kàn án. Ọ̀pọ̀ káàdì báńkì ti ní in, àwọn ẹ̀rọ POS mìíràn sì lè kà á. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé ìlànà jáde lórí irú sísan owó báyìí: 15,000 náírà lẹ́ẹ̀kan àti 50,000 náírà lóòjọ́ ni ààlà tí ó fi sí ohun tí a lè san láìsí àyẹ̀wò mìíràn bíi nọ́mbà àṣírí. Ní ilé-ìwé, a lè lò ó fún ìwé ìkàwé àti fún ìforúkọsílẹ̀ àwọn tí ó wá sí kíláàsì.

Ewu àti Àwọn tí Ó Lè Ṣẹ́kù Sẹ́yìn

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Radboud ní Nijmegen, ilẹ̀ Netherlands, fi hàn pé àwọn lè tú àṣírí káàdì MIFARE Classic, irú èyí tí ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù àti ti Netherlands ń lò nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe chip náà gbé wọn lọ sí kóòtù kí wọ́n má baà tẹ ìwé wọn jáde, ṣùgbọ́n kóòtù kọ̀ fún un. Ìwé náà jáde, àwọn aláṣẹ ìrìnnà sì níláti wá káàdì tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ewu tí ó tóbi jù fún agbègbè yìí kì í ṣe ti olè orí ẹ̀rọ. Ó jẹ́ ti ẹni tí kò ní káàdì. Nígbà tí ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù dáwọ́ gbígba owó lọ́wọ́ dúró ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 2014, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Oyster ti wà níta, káàdì báńkì sì ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà láti oṣù Kejìlá ọdún 2012. Wọ́n fún àwọn èrò ní àkókò. Ohun tí Nàìjíríà rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 yàtọ̀. Nígbà tí CBN pààrọ̀ àwọ̀ náírà, tí owó títun kò sì tó nǹkan níta, ẹni tí ó ní owó ní báńkì kò rí owó ọkọ̀ mú jáde. Ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún náà ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó pàṣẹ pé owó àtijọ́ ṣì ní iyì títí di òpin oṣù Kejìlá. Ẹni tí ó ti fi owó kún káàdì rí ọkọ̀ wọ̀ lórí ọ̀nà tí ó ń gba káàdì. Alájàpá tí náírà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó, tí ọ̀nà rẹ̀ kò sì ní ẹ̀rọ káàdì, kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Àgbówà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú kan ṣoṣo. Ìkòròdú ni ojú ọ̀nà BRT parí sí. Obìnrin tí ó ń gbé ẹja tàbí ẹ̀fọ́ láti Àgbówà lọ sí ọjà níláti ní owó lọ́wọ́ fún ìdajì ìrìn-àjò rẹ̀, kí ó sì ní káàdì tí owó wà nínú rẹ̀ fún ìdajì kejì. Bí káàdì bá sọnù, tàbí tí owó inú rẹ̀ kò tó, tí ibi tí a ti ń fi owó kún un sì jìnnà, ibodè ti dé nìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí oníbodè kankan níbẹ̀. Bí owó ẹyọ Zanzibar ṣe jẹ iyì owó inú ìkòkò láìsọ fún ẹni tí ó ni ín, bẹ́ẹ̀ náà ni ètò owó tuntun lè mú ìpalára bá ẹni tí a kò là á yé.

Iṣẹ́ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ níbí. Olùkọ́ tí ó bá ní wáyà bàbà, páípù oníwèé, òòfà tí ó yọ láti inú ẹ̀rọ agbóhùnjáde tí ó ti bàjẹ́, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn iná, lè ká wáyà náà mọ́ páípù, kí ó máa ti òòfà wọlé kí ó sì máa fà á jáde. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yóò mira. Òòfà tí ó dúró jẹ́ẹ́ kì yóò mú abẹ́rẹ́ mira, èyí tí ó ń rìn nìkan ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí i kò ní pe káàdì ní idán tàbí oògùn mọ́. Yóò sì lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ní ilé ìdí tí kò fi yẹ kí ó fi káàdì fún àjèjì, ìdí tí ó fi yẹ kí ó wo iye tí ó kù lójú ẹ̀rọ kí ó tó kọjá, àti ìdí tí káàdì kò fi lè jẹ owó nígbà tí ó bá jìnnà sí ẹ̀rọ.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé owó ní etí ọ̀sà Àgbówà, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti pààrọ̀ aṣọ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín nǹkan bí àádọ́sàn-án ọdún: láti orí ẹyọ Àdéhùn Ẹ̀pẹ́ dé orí pọ́n-ùn, náírà àti káàdì. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé agbára òòfà tí ó ń yí padà, tí ó ń jí chip dìde, tí chip sì ń fà padà, ni káàdì fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Lékè gbogbo rẹ̀, ìtàn fi yé wa pé àyípadà owó kì í dọ́gba lórí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó tètè mọ̀ a máa jèrè, ẹni tí a kò sọ fún a máa san gbèsè rẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣètò ìrìnnà ro ti àwọn ìlú tí ó wà lẹ́yìn òpin ọ̀nà, kí ibi tí a ti ń ra káàdì àti ibi tí a ti ń fi owó kún un dé ọ̀dọ̀ wọn kí a tó gba owó ọwọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó sì yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ fi èdè Yorùbá kọ́ irú ìmọ̀ báyìí, nítorí pé èdè tí a fi ń ná ọjà ni ó yẹ kí a fi ṣàlàyé owó tí a fi ń ná an.